Ìwé 52 Lé Mi Sá: Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìwé Kíkà Ọdún Tuntun Láì Ni Ara Mi Lára

Lọ́jọ́ 28 oṣù Kejìlá, lọ́dún méjì sẹ́yìn, mo jókòó sílẹ̀ nínú yàrá mi, mò ń wá ìwé tó tín-ín-rín jù nínú ilé. Kì í ṣe pé ó wù mí kà. Mo ti lérí níbẹ̀rẹ̀ ọdún pé ìwé 52 ni màá kà, ẹyọ kan lọ́sẹ̀ kan, 46 péré ni mo sì tíì kà. Mo ka ìwé ewì kan tí kò ju ojú ìwé 40 lọ. Mo ka ìwé eré orí ìtàgé kan bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo mú ìwé àwòrán àwọn ọmọdé, irú èyí tó sábà máa ń jẹ́ ojú ìwé 32, mo ṣí i fìrìfìrì, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti kà á. Ó di 49. Ibẹ̀ ló parí sí.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi obìnrin rí ìwé eré yẹn lórí tábìlì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló wá kú níkẹyìn?" Mo lanu, mi ò rí nǹkan kan sọ. Àná ni mo parí ẹ̀ o!

Charles Goodhart, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ará Bírítéènì, ti sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ètò owó ìlú láti 1975, òun ni wọ́n wá ń fi orúkọ rẹ̀ pè ní òfin Goodhart. Bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ ọ́ lónìí ni pé tí òṣùwọ̀n bá ti di ohun téèyàn ń lé, kò ní wọn nǹkan dáadáa mọ́. Ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn. Iye ìwé ló yẹ kó jẹ́ kí n mọ̀ bóyá mò ń kàwé. Ìgbà tí mo wá sọ iye náà di ohun tí mò ń lé, ṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìwé tó nípọn. Ìwé ìtàn kan wà lórí pẹpẹ mi tó lé ní 700 ojú ìwé, ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí. Odindi ọdún yẹn, mi ò fọwọ́ kàn án, torí pé yóò jẹ mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò sì bu ìṣirò mi jẹ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé sú mi pátápátá. Ó wá di ìparí oṣù Kejìlá tó kọjá kí n tó tún jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, lọ́jọ́ Sunday kan tí mi ò níbi kankan í lọ.

Ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ wò, mi ò tíì wo iwájú. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo yíjú kúrò lára pẹpẹ, mo ní kí n kọ àwọn ìwé tí mo bá rántí nínú 49 yẹn. Mo rántí 17. Mi ò kọ bóyá ìwé náà dáa tàbí kò dáa síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo wà nígbà tí mò ń kà á ni mo kọ. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Mọ́kànlá nínú wọn ló jẹ́ pé ìdájí ni mo kà wọ́n, kí n tó fọwọ́ kan fóònù. Mẹ́ta, etí ni mo fi gbọ́ wọn, ẹlòmíì ló kà á, mo ń fọ abọ́. Mẹ́ta tó kù, inú ọkọ̀ ni. Kò sí ẹyọ kan tí mo kà lálẹ́. Bẹ́ẹ̀ alẹ́ ni mo máa ń sọ pé àkókò ìwé mi! Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ni pé màá ka ojú ìwé mẹ́ta, oorun á gbé mi lọ, ìwé á já lé mi láyà, lọ́jọ́ kejì màá tún mẹ́ta yẹn kà.

Àwọn tí mi ò rántí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn, ariwo ìta ló mú kí n rà wọ́n. Gbogbo èèyàn ń yìn wọ́n, èmi náà sì fẹ́ lè sọ pé mo ti kà á.

Mo wá fi aago fóònù sí ìṣẹ́jú 15, mo mú ìwé ìtàn àròsọ kan, mo kà á bí mo ṣe máa ń kàwé, láì sáré. Ojú ìwé 9. Mo tún un ṣe pẹ̀lú ìwé ìtàn ayé àtijọ́, èyí tó kún fún àlàyé wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀ ojú ìwé. Márùn-ún péré. Ti ewì ò ṣeé wọ̀n. Orí ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo wà títí aago fi dún, inú mi sì dùn. Ìṣirò tó tẹ̀ lé e yà mí lẹ́nu: ojú ìwé 5 lójúmọ́, fún ọjọ́ 365, jẹ́ 1,825. Tí ìwé kan bá jẹ́ 250, ó ju ìwé 7 lọ. Ìṣẹ́jú 15 lásán, pẹ̀lú ìwé tó le pàápàá.

Síbẹ̀ mi ò mú márùn-ún. Mo bi ara mi pé, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá ti lù mí bolẹ̀, tí orí ń fọ́ mi, mélòó ni mo lè kà? Méjì. Ó dáa, méjì ni. Mo tún yọ ọjọ́ 65 kúrò látìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí mi ò ní kà nǹkan kan tí mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ku 300. Ojú ìwé 2 lọ́nà 300 jẹ́ 600, ìyẹn ìwé méjì àti díẹ̀ lọ́dún. Ó kéré, mo mọ̀, ó kéré débi pé ó ń tì mí lójú láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa ka ojú ìwé méjì tán tí kò ní ṣí ìkẹta wò? Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù.

Apá tó dùn mọ́ mi jù ni páálí. Mo gé páálí kan, mo fi rúlà fa àpótí 25 sí i, márùn-ún ní ìbú, márùn-ún ní òòró, bíi ti bíńgò. Ohun tí mo bá fẹ́ kà ni màá kọ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá ti sàmì sí márùn-ún tó tò tẹ̀ léra wọn, mo ti borí. Ọ̀nà 12 ló wà láti borí: ìlà 5 ní ìbú, 5 ní òòró, 2 láti igun dé igun. Èèyàn ò nílò kó parí 25 rárá, ohun tí mo sì fẹ́ràn nínú ẹ̀ nìyẹn.

Páálí àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ìwé mẹ́ta nípa ogun, méjì nípa ọrọ̀-ajé, ọ̀kan nípa bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti gbogbo ìwé tí wọ́n ní ó yẹ kí ọ̀mọ̀wé ti kà. Àbúrò mi wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ lọ ṣe ìdánwò ni?" Mo fà á ya. Òun ló bá mi kọ ìdajì páálí kejì: ìwé tó dàgbà jù mí lọ, ìwé tí wọ́n túmọ̀ láti èdè tí mi ò gbọ́, ìwé tí èèpo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ búlúù, ìwé tí ọmọdé bá yàn fún mi, ìwé tí mo ti kà rí tí mo fẹ́ràn, ewì kan tí màá mọ̀ lórí, ìwé nípa ohun tí mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, ìwé tí màá kà sókè fún ẹlòmíì. Àpótí àárín gbùngbùn, tí wọ́n máa ń fi ta èèyàn lọ́rẹ nínú bíńgò, mo kọ "ìwé tí mo pa tì" síbẹ̀.

Torí mo ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa ìwé tì. Nancy Pearl, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Amẹ́ríkà, ní òfin kan tí mo yá lò: fún ìwé ní ojú ìwé 50, tí kò bá wọ̀ ọ́ lára, gbé e sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ọmọ 50 ọdún, kó yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú 100, èyí tó bá kù ni kó kà; ẹni 60 ọdún á ka 40. Bí èèyàn bá ṣe ń dàgbà, kò ní àsìkò tó lè fi ṣòfò mọ́. Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi tí mo ti fi sílẹ̀ ní ojú ìwé 61 fún oṣù mẹ́jọ. Rìsíìtì tí mo fi sàmì síbẹ̀ ti ṣá, lẹ́tà kan ò hàn lára rẹ̀ mọ́. Mo yọ rìsíìtì náà. Mo sàmì sí àpótí àárín. Ọdún tuntun ò tíì bẹ̀rẹ̀ o, mo ti mú ọ̀kan.

Mo ka àwọn ìwé tí mo ti rà tí mi ò tíì kà: 34. Àwọn ará Japan lórúkọ fún un, tsundoku, kéèyàn máa kó ìwé jọ gègèrè láì kà á. Ara tù mí pé ó lórúkọ. Mo kọ àkọlé wọn sórí bébà kéékèèké, mo ká wọn, mo kó wọn sínú ìgò kan tó ṣófo. Tí ìwé kan bá tán, màá mú bébà kan láì wò ó. Mo lè dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà tí mo mú ìwé 700 ojú ìwé yẹn lọ́jọ́ tó rẹ̀ mí, mo dá a padà, mo tún mú òun náà, mo tún dá a padà. Èmi ni mo ṣe òfin, èmi ni mo rú u, kò sí ọlọ́pàá kankan tó wá.

Áàpù tí mo fi ń ka iye ìwé bèèrè pé mélòó ni mo fẹ́ kà lọ́dún náà. Mo tẹ 1. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní, ó da òdòdó aláràbarà sójú fóònù mi, ó kí mi kú oríire pé mo ti parí àfojúsùn ọdún. Láti ìgbà yẹn, kò ní ohunkóhun láti fi dẹ́rù bà mí mọ́. Mi ò fún ìwé kankan ní ìràwọ̀ níbẹ̀, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń sọ bí ìwé ṣe dáa tó. Inú ìwé àkọsílẹ̀ mi ni mò ń kọ gbólóhùn kan sí lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo kọ ní oṣù Kẹta ni: "Bàbá arúgbó yẹn parọ́ láti ojú ìwé kìíní, mo sì gbà á gbọ́ títí dé ìgbẹ̀yìn."

Ní oṣù Karùn-ún, mi ò kàwé fún ọjọ́ 23 gbáko. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ì bá ti dojú dé. Mo yọ 23 kúrò nínú 65, ó ku 42, mo ṣí ìwé.

Mo ti ka ìwé 11 báyìí, mo sì ti borí lẹ́ẹ̀kan, láti igun dé igun. Ìwé 700 yẹn wà lára 11 náà. Ìgbà kẹta tí mo mú un nínú ìgò, mo ní ó ti tó. Àpótí kan ló ku díẹ̀ kí ìlà kejì pé, èyí tí mo kọ pé màá kà sókè fún ẹlòmíì. Màmá mi ni mò ń kà á fún, torí lẹ́tà wẹ́wẹ́ ti ń le jù fún ojú wọn. Ojú ìwé 88 la wà. Bí mo bá ti gbójú sókè, wọ́n á ní, "Kí ló dé tóo dúró?" Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ dá ka iwájú, wọ́n mú ìwé náà sọ́dọ̀ ara wọn, abẹ́ ìrọ̀rí ló wà.