Ẹ jẹ́ kí ọpẹ́ ṣáájú ẹ̀bẹ̀ nínú àdúrà ìdílé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú nínú àdúrà ìdílé yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ṣí Sáàmù 136. Ẹsẹ 26 ni, gbogbo wọn ló sì parí sí "nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé." Kí ẹnì kan máa ka apá àkọ́kọ́, kí àwọn yòókù máa dáhùn. Ẹ kíyè sí bí onísáàmù ṣe ń dárúkọ nǹkan: oòrùn, òṣùpá, Òkun Pupa, Ógù ọba Báṣánì tí Ọlọ́run ṣẹ́gun fún Ísírẹ́lì, títí dórí oúnjẹ tí Ọlọ́run ń fún gbogbo ẹ̀dá. Kò sáré dúpẹ́ torí kó lè kọjá sí ẹ̀bẹ̀.

Tí ẹ bá kà á tán, kí kálukú fi ẹsẹ tirẹ̀ kún un. Ìyá lè ní, "Ẹni tí ó jẹ́ ká rí owó ilé-ìwé san," kí gbogbo ilé dáhùn. Ọmọdé lè ní, "Ẹni tí ó wo ibà mi sàn." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bá wọn tún un sọ. Bó bá jẹ́ ìrẹsì ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń torí ẹ̀ dúpẹ́, Ọlọ́run gbọ́.

Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ má fipá mú un sọ̀rọ̀. Kó kàn máa bá yín gbe ègbè. Ẹsẹ 23 sọ pé Ọlọ́run rántí wa nígbà tí a rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ rọra kà á sí i létí.