Bí mo ṣe tún ìtọ́jú ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn omíyalé ní Ìṣẹrí

Létí odò Ògùn, lágbègbè Ìṣẹrí, oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá ni omi máa ń yalé jù, pàápàá bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀. Bí omi bá ti fà, abẹ́rẹ́ àjẹsára kátà, àrùn ewúrẹ́ àti àgùntàn tí a mọ̀ sí PPR, ni àwọn tó ń sin ewúrẹ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè. Èmi fi í ṣe ìkẹyìn.

Òkú ẹran ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ẹ wo imú, ẹnu àti ihò ìdí rẹ̀. Èyí tó kú lójijì lẹ́yìn tí omi fà, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kò dì ń ṣàn lára rẹ̀, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án. Omi lè hú anthrax, àrùn tó ń pa ẹran àti ènìyàn, jáde nínú ilẹ̀, bí a bá sì la irú ẹran bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tún gbin àrùn náà síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ pe dókítà ẹranko ti ìjọba. Àwọn tí omi gbé kú, ilẹ̀ gíga la sin wọ́n sí, jìnnà sí kànga, a sì fi yẹ̀pẹ̀ tó nípọn tó mítà kan bò wọ́n. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ sápá odò, omi á ti sun sínú kòtò kó tó dé orúnkún.

Lẹ́yìn náà ló kan pátákò. Ewúrẹ́ tó bá dúró nínú ẹrẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, pátákò rẹ̀ á rọ̀ bí ọṣẹ tó wà nínú omi. Bí mo ti fi ọ̀bẹ kékeré ṣí etí pátákò náà, òórùn ló kọ́kọ́ jáde, kí n tó rí nǹkan funfun tó rí bíi wàrà tó bàjẹ́ láàárín ìka méjèèjì. Ẹ gé ibi tó jẹrà nìkan, ẹ dúró kó tó dé ibi ẹ̀jẹ̀. Ẹ po kílò kan zinc sulphate mọ́ omi lítà 10, kí ẹran dúró nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ fún wákàtí kan. Ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kó tó wọ inú oògùn, torí ẹrẹ̀ ló máa ń pa agbára oògùn náà.

Àwọn tó ń wúkọ́, tí ara wọn gbóná ju 40°C lọ, nílò oxytetracycline, oògùn apakòkòrò, irú èyí tó ń pẹ́ lára. Ẹ má fojú díwọ̀n. Téèpù aránṣọ ni mo lò: ẹ wọn àyà yí po lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ẹ wọn gígùn láti èjìká dé eegun ìdí. Ewúrẹ́ tí àyà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ńtímítà 65, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 60, ẹ ṣe é báyìí: 65 × 65 × 60 ÷ 10,840. Ó lé díẹ̀ ní kílò 23. Oògùn tó jẹ́ 200 mg nínú mílì kan, mílì kan ni fún kílò 10, nítorí náà mílì 2.3 ni tirẹ̀. Ẹ má pa á jẹ títí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò á fi pé.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ fi ń bọ́ wọn, bí ó bá ti bu, ẹ dà á nù. Oòrùn kì í pa májèlé inú èbu.

Ìdí fìríìjì tí a ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí ni mo pẹ́ sí jù. Gbogbo abẹ́rẹ́ tí omi bá nínú rẹ̀ la kó dànù, títí kan èyí tí ìdérí rẹ̀ kò ṣí. Abẹ́rẹ́ tó ti gbóná kì í yàtọ̀ lójú sí èyí tó dára. Ẹni tó ni ẹran á lọ sílé pẹ̀lú ọkàn balẹ̀, ìgbà tí kátà bá dé ló máa mọ̀ pé omi lásán la fún ewúrẹ́ òun. Mo pe oníṣẹ́ iná kí a tó so ó mọ́ iná, mo fi tẹ̀mómítà sí àárín rẹ̀, mo ń kà á láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àárín 2°C sí 8°C ló yẹ kó wà fún ọjọ́ mẹ́ta kí abẹ́rẹ́ tó wọ inú rẹ̀. Lóru ọjọ́ kejì ó gòkè dé 13. Mo fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, mo fà á, ó sì yọ wẹ́rẹ́: ẹrẹ̀ ti wú rọ́bà ẹnu rẹ̀. A pààrọ̀ rọ́bà, a to ìgò omi sísàlẹ̀ kó lè di òtútù mú bí wọ́n bá mú iná lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ mẹ́ta láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà yẹn la tó gbé abẹ́rẹ́ kátà tí ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba ní Vom (NVRI) ń ṣe wọlé. Kòkòrò tí wọ́n fi ń ṣe abẹ́rẹ́ kátà, Nigeria 75/1, ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti mú un lọ́dún 1975. Ìgò ẹran 50 la lò. Omi iyọ̀ (normal saline) tútù mílì 50 la fi pò ó, mílì kan sábẹ́ awọ ẹran kọ̀ọ̀kan, a sì lò ó tán láàárín wákàtí kan. Ẹ kó ewúrẹ́ jọ sínú ọgbà kí ẹ tó ṣí ìgò. Ẹ má fi spirit nu ojú abẹ́rẹ́, ẹ má sì fi ọṣẹ fọ ṣírínjì: àwọn méjèèjì ló ń pa agbára oògùn àjẹsára náà. Ẹ fi omi nìkan se ṣírínjì, kó sì tutù kí ẹ tó lò ó.

Ẹran tí ibà ṣì ń mú àti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin, a fi wọ́n sílẹ̀. Mo kọ orúkọ olówó wọn àti àwọ̀ ẹran wọn sínú ìwé, a sì padà wá fún wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.