Bí a ṣe ń ya ẹṣin Ojúde Ọba sára gíláàsì fèrèsé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi n'Íjẹ̀bú-Òde ló máa ń béèrè ọ̀dà pupa, ọ̀dà búlúù. Kò sí. Dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀dà tiwa. Inú gíláàsì fúnra rẹ̀ ni àwọ̀ wà. Iṣẹ́ ọ̀dà ni kó dènà ìmọ́lẹ̀. Gíláàsì lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ìpẹtà irin ni, òjé sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀: ẹ bo imú, ẹ má jẹun nídìí iṣẹ́, ẹ má fẹnu lá búrọ́ọ̀ṣì.

Ká ní Balógun lórí ẹṣin ni olóyè kan fẹ́ sí fèrèsé pálọ̀ rẹ̀. Ẹ fọ gíláàsì títí ọ̀rá ìka á fi tán lára rẹ̀. Ẹ da ìyẹ̀fun ọ̀dà sórí gíláàsì mìíràn, ẹ bu omi sí i, ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ kún un, oje igi tí wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, á hó nínú iná. Bó bá kéré jù, ọwọ́ lásán á nù ún dànù.

Ẹ tẹ́ àwòrán sábẹ́ gíláàsì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun gígùn tẹ̀lé ìlà rẹ̀: ìjánu, etí, irun ọrùn. Ọtí kíkan ni mo fi ń po ọ̀dà ìlà dípò omi, kí omi òjìji, ìyẹn ọ̀dà tí a fi ń ṣe ibi tó ṣókùnkùn lára àwòrán, má baà fọ̀ ọ́ lọ.

Òjìji yìí gan-an ni iṣẹ́. Ẹ fi ọ̀dà ṣíṣàn bo gbogbo rẹ̀, kó tó gbẹ kí ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, fífẹ̀, tó rọ̀ (èyí tí àwọn obìnrin fi ń kun àtíkè náà ṣe é lò), ẹ fi gbá a síhìn-ín sọ́hùn-ún títí á fi rí bí eruku ọyẹ́ lára mọ́tò. Bó bá gbẹ, ẹ máa fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ àti abẹ́rẹ́ há a kúrò níbi tí ẹ fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gbà: ẹ̀gbẹ́ ojú ẹṣin, ìṣẹ́po agbádá. Ẹ gbé e sójú oòrùn wò, ẹ má wò ó lórí tábìlì. Oòrùn tiwa le. Ọ̀dà tó fẹ́lẹ́ á parẹ́ níbẹ̀.

Ẹ wá gbé gíláàsì náà sínú iléru, kí iná rẹ̀ gbóná tó 650 sí 680 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gáàsì ni mo ń lò, nítorí NEPA kì í dágbére. Ẹ má ṣí iléru kó tó tutù, gíláàsì á sán.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ló yàtọ̀: ìyeyè tí a fi fàdákà ṣe, èyí tí wọ́n ti ń lò ní Yúróòpù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 14. Ẹ̀yìn gíláàsì la ń fi í sí, iná rẹ̀ kì í sì le tó ti àkọ́kọ́. Òun ni mo fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ìjánu. Bó bá jáde, ẹ fi omi nu ìdọ̀tí orí rẹ̀. Bó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iná ti pọ̀ jù.