Ọjọ́ méje tí wọ́n fi tì mí mọ́ta WhatsApp ara mi

₦45,000 ni ọ̀rọ̀ yìí gbà lọ, owó náà kì í sì í ṣe tèmi. Ìyá Ìbejì ló ni ín, oníbàárà mi tó ń gbé lápá FUTA, tí a ti jọ ń bá a bọ̀ láti ìgbà tí mo ti gba ìsọ̀ aṣọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́ níbí. Ó sanwó àńkárá tí èmi kò polówó rẹ̀ sínú àkáǹtì tí èmi kò mọ̀ rí, nítorí pé orúkọ mi àti fọ́tò mi ló rí lókè ọ̀rọ̀ náà. Títí di òní, bí mo bá rántí, inú mi á tún ru.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ kò gùn. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mo ń wọn aṣọ fún èèyàn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ wọlé láti orí nọ́ńbà ẹnì kan tí a jọ ṣe girama: "Mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà rẹ gba kóòdù, jọ̀ọ́ bá mi fi ránṣẹ́." Kóòdù náà wọlé lóòótọ́, nọ́ńbà mẹ́fà. Mo fi ránṣẹ́, mo padà sídìí aṣọ. Inú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn gan-an ni WhatsApp kọ ọ́ sí pé kí n má fún ẹnikẹ́ni. Mo ka nọ́ńbà, n kò ka ohun tó tẹ̀ lé e. Ẹni tí a jọ ṣe girama yẹn náà kò mọ nǹkan kan; tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà.

Kí n tó gé aṣọ tán, WhatsApp mi ti já. Olè náà ti wà nínú gírúùpù àwọn oníbàárà mi, ó ń ta àńkárá ẹ̀dínwó. Màmá Ìdànrè ló kọ́kọ́ fura. Olè náà pè wọ́n ní "Aunty", bẹ́ẹ̀ "Màmá wa" ni èmi ń pè wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Wọ́n pe fóònù mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lò ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí?" Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo èèyàn. Ìyá Ìbejì ti sanwó kí n tó kàn án. Ó sáré lọ sí báńkì, wọ́n ní owó ti kúrò níbẹ̀.

Mo gbọ́ pé kí n kàn fi nọ́ńbà mi wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Kóòdù tuntun wọlé, mo tẹ̀ ẹ́, mo mí kanlẹ̀. Ni fóònù bá tún béèrè píìnì onínọ́ńbà mẹ́fà. Píìnì wo? N kò ṣe píìnì kankan rí. Olè yẹn ló ti bá mi ṣe é. Two-step verification ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Èmi kò ti ilẹ̀kùn mi. Olè dé, ó tì í, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ẹni tí kò bá sì mọ píìnì yẹn, ọjọ́ 7 ni WhatsApp ní kó dúró kó tó lè wọlé láìlò ó.

Ọjọ́ méje! Nígbà tí Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń wá aṣọ! Ara mi kò gbà á. Mo gbé fóònù lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lójú títì Ọba Adésídà. Ó ní òun á yọ píìnì náà, mo fún un ní ₦5,000. Ó béèrè kóòdù, ó tún béèrè, títí WhatsApp fi ní òun kò ní fi kóòdù ránṣẹ́ mọ́, àfi lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Owó lọ, píìnì wà níbẹ̀. Ẹ má fowó yín ṣòfò, kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti lè yọ ọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé kóòdù tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti lé olè náà jáde lójú ẹsẹ̀. Àwa méjèèjì ni a wà níta. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá rí oorun sùn. Odindi òru mẹ́ta ni mo fi ń rò pé ó ń ka ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi. Àṣé inú fóònù mi ni ọ̀rọ̀ àtijọ́ wà, kì í bá nọ́ńbà lọ sórí fóònù ẹlòmíràn.

Ìdájí ọjọ́ kẹjọ ni mo wọlé. Èmi fúnra mi ni mo ṣe gbogbo ìyókù, n kò bẹ ẹnikẹ́ni: mo ṣe píìnì tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí mi, mo fi ímeèlì sí i nítorí ìgbàgbé, mo wo Linked devices, níbi tí ẹ̀rọ mìíràn tó bá so mọ́ WhatsApp mi ti ń hàn, bóyá ẹnì kan ṣì so mọ́ mi. Mo yọ ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù mi kúrò ní gbangba lórí Facebook. Ní ọjà, mo jókòó ti àwọn ará ìsọ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn 11 ni mo tọ́ sọ́nà títí wọ́n fi ní píìnì. Bí oníkálukú bá fẹ́ tẹ tirẹ̀, mo ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo fún Ìyá Ìbejì ní ọ̀pá àńkárá mẹ́fà, mo sì ń san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, bí òun bá rí aṣọ lórí WhatsApp mi, òun á kọ́kọ́ pè mí, òun á gbọ́ ohùn mi, kí òun tó sanwó. Mo ní kó máa pè mí, kódà kó jẹ́ lóru.