Bí A Ṣe Ń Fi Owó Áírìṣì Mọ Bí Oúnjẹ Ṣe Ń Gbówó Lórí

Áírìṣì ni mo wí o, ọ̀dùnkún tó ń ti Jos wá, kì í ṣe ànàmọ́. Láti Mile 12 dé Bódìjà, kò sí ọjà ńlá tí ẹ ò ti ní rí i. Ọ̀nà rẹ̀ sì jìn: owó ajílẹ̀, owó dísẹ́ẹ̀lì, owó alábàárù, gbogbo rẹ̀ ló ti gùn ún kó tó dé orí àtẹ.

Ẹ wá ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan àti bíró. Àwọn kan á ní fóònù tó. Tèmi bàjẹ́ tòun ti àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́jọ, ìwé ni mo ń lò. Ẹ tún wá òṣùwọ̀n. Ti ẹlẹ́ja yìnyín dára, àmọ́ ó wọ́n. Èyí tí àwọn tó ń lọ òkè òkun fi ń gbé báàgì kọ́ tó wa í lò.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni kí ẹ lọ, kí aago mẹ́wàá tó lù, sọ́dọ̀ ìyá mẹ́ta tí àtẹ wọn ò fara kanra. Ẹ ná an, kí ẹ sì rà á. Ẹni tó bèèrè tí kò rà, owó àlejò ni wọ́n máa pè fún un. Iye tí ìyá gbà níkẹyìn ni kí ẹ kọ.

Ibi tí àwọn tó ń kọ owó ọjà sílẹ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí: péńtì, ike tí ìyá fi ń wọn ọjà. Wọ́n á kọ “péńtì kan, ₦5,000” lóṣù yìí, wọ́n á tún kọ ọ́ lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á ní ọjà ò gbé. Ó gbé! Oníṣòwò tó mọ oníbàárà rẹ̀ kì í tètè fi kún owó. Ohun tó wà nínú ike ló máa ń dín. Orí tó ga tẹ́lẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Èènì mẹ́ta á di méjì, á di ọ̀kan, á wá di “ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ọjà ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́”. Mo ti rí péńtì tí wọ́n fi iná rọ ìdí rẹ̀ wọnú.

Kílò ni kí ẹ kọ. Ẹ gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ kó o sínú ọ̀rá tòun ti èènì, kí ẹ gbé e kọ́. Ká ní ₦5,000 oṣù tó kọjá jẹ́ kílò 3.6: kílò kan jẹ́ nǹkan bíi ₦1,389. Lóṣù yìí, ₦5,000 náà ni, àmọ́ kílò 3.2 ni ẹ rí: ó di nǹkan bíi ₦1,563. Lẹ́nu ìyá, owó ò yí. Nínú ìwé yín, ó ti fi ìdá 12 àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.

Ẹ má sì pa wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ ńlá, owó wọn ò dọ́gba. Èyí tó tó ẹyin adìẹ ni èmi ń rà.

Ẹ má fi oṣù Kẹjọ wé oṣù Karùn-ún. Èyí tí wọ́n fi òjò gbìn ní Bokkos àti Mangu, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń jáde ní nǹkan bí oṣù Keje sí Kẹjọ, owó á sì rọlẹ̀. Ìkórè ló fà á. Oṣù Kẹjọ èṣí ni kí ẹ fi wé ti ọdún yìí: ẹ yọ ti èṣí kúrò nínú ti ìsinsìnyí, ẹ fi ti èṣí pín ìyókù, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100.

Ẹ kọ owó gààrì àti ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí áírìṣì nìkan bá gbé, ó lè jẹ́ late blight, àrùn tó ń sọ ewé rẹ̀ di dúdú nígbà òjò. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ gbé, náírà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fura sí.

Lóṣooṣù ni NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ń gbé tiwọn jáde. Wọ́n ní ní oṣù Kẹfà 2024, oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti oṣù Kẹfà 2023 lọ. Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, wọ́n gbé ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń fi owó ọjà rẹ̀ wé ti ìsinsìnyí, láti 2009 wá sí 2024, ìdá tí gbogbo ọjà lápapọ̀ fi wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ sì bọ́ láti 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejìlá 2024 sí 24.48 ní oṣù Kìíní 2025. Ẹni tó fi méjèèjì wéra tó ní ọjà ti já wálẹ̀ ti ṣìṣe.

Irú rẹ̀ lè bá ìwé yín náà. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìyá mẹ́ta bá kúrò lọ́jà, ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ oṣù yẹn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti ẹlòmíràn.