Bóòtù Kan Ló Gba Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Lọ́wọ́ Mi: Bí Mo Ṣe Tún Ṣọ́ọ̀kì Iwájú XT600E Mi Ṣe

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì jò, fún máṣíìnì mi láàárín ọdún kan àbọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Síìlì fúnra rẹ̀ kò wọ́n, owó iṣẹ́ ló ń wọ́n, pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ tí mo fi jókòó sórí táyà àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù, tí mò ń ṣọ́ oníṣẹ́. Ìgbà kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ọ̀gá mẹkáníìkì ń dà sínú ṣọ́ọ̀kì náà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni, SAE 40 tó ki, èyí tó ṣẹ́ kù nínú gálọ́ọ̀nù oníbàárà mìíràn. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnì nìyẹn?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí ẹ ní ó ń rì? Èyí máa jẹ́ kó le."

Ó sì le lóòótọ́. Mo gùn ún lọ sí oko wa lẹ́yìn Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo máa fi dé, mi ò lè fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí ìdérí ìgò omi.

Yamaha XT600E ni máṣíìnì yìí, tòkúnbọ̀, Kútọnu ni mo ti lọ gbé e. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 595cc, sílíńdà kan ṣoṣo ló ní, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ ẹ tútù, kò ní rédíétọ̀ tó máa jò. Táyà iwájú rẹ̀ jẹ́ íńṣì 21, tí í gun òkúta bí ewúrẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì iwájú tí wọ́n bí i mọ́, aláìlera ni. Kílò 96 ni èmi wọ̀n, mo sì máa ń di kẹ́ẹ̀gì oògùn kòkòrò lítà 25 mọ́ ẹ̀yìn. Bí mo bá ti fọwọ́ kan bíréèkì, imú rẹ̀ á dọ̀bálẹ̀ bí ẹni rí ọba.

Ohun tí ọ̀gá mẹkáníìkì kò mọ̀, tí èmi náà kò mọ̀ títí mo fi tú u, ni bí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ irú èyí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ méjì ni ṣọ́ọ̀kì iwájú ní. Ọ̀pá kan wà nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ihò wà lára ọ̀pá náà, inú ihò yẹn ni ọ́ìlì ń gbà kọjá nígbà tí ẹsẹ̀ bá wọlé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rántí ìgbà tí a wà lọ́mọdé, tí a máa ń fa omi sínú abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì láti fi wọ́n ara wa. Bí ẹ bá rọra tì í, omi á máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan ń tako yín. Bí ẹ bá tì í lójijì, á le gbagidi. Bí eré ọ́ìlì nínú ihò bá di ìlọ́po méjì, ìtakò rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ṣọ́ọ̀kì yìí fi ń rì nígbà tí mo bá tẹ bíréèkì, tó sì tún ń gbá mi lọ́wọ́ nígbà tí mo bá kọlu òkúta. Àìsàn méjì tó yàtọ̀ síra ni, ọ́ìlì kíkì kò sì lè wò wọ́n pọ̀. Bó bá wo ìkíní díẹ̀, á dá kún ìkejì.

Oògùn rẹ̀ ni fáàfù kékeré kan tí ilé-iṣẹ́ Race Tech ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní Gold Valve Emulator. Orí ọ̀pá inú yẹn ló ń jókòó sí, sípíríǹgì ńlá á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Fáàfù náà ní sípíríǹgì tirẹ̀ tín-tín-tín. Nígbà tí ọ́ìlì bá rọra ń bọ̀, ihò kékeré ló máa ń gbà, kò sì ní jẹ́ kí imú rì. Nígbà tí òkúta bá ta á lójijì, sípíríǹgì tín-tín náà á fún pọ̀, fáàfù á ṣí, ọ́ìlì á ráyè kọjá fàlàlà. Mo ra fáàfù, mo sì ra sípíríǹgì ńlá tó le tó ìwọ̀n mi. Méjèèjì pọ̀, ₦480,000. Àbúrò mi ló gbé wọn bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Irin ni sípíríǹgì, ó wúwo, wọ́n sì gba owó àfikún ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Kò tíì gbàgbé owó yẹn, kò sì jẹ́ kí èmi náà gbàgbé.

Bí a ṣe ń gbé iwájú sókè, tí a ń tú táyà, tí a ń fi okùn so bíréèkì rọ̀, mi ò ní sọ ìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò tíì yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀, inú mi ń dùn, mo ti ya fọ́tò ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Sátidé ni. Mo sọ fún un pé ká tó jẹun alẹ́, mo ti parí.

Ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ihò kan tí ojú rẹ̀ kọ sílẹ̀. Inú ihò yẹn ni orí bóòtù kan sá pamọ́ sí, Allen key, irin onígun mẹ́fà, ni wọ́n fi ń tú u. Bóòtù náà wọnú ọ̀pá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ohun tó di ọ̀pá náà mú lókè ju sípíríǹgì tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Bí ẹ bá ti yọ sípíríǹgì kí ẹ tó tú bóòtù, ẹ ti fọwọ́ ara yín ṣe ara yín, nítorí bí ẹ bá ń yí bóòtù, ọ̀pá náà á máa bá a yí. Èmi ti yọ sípíríǹgì. Mo ti da ọ́ìlì nù. Mo ti fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo sì ń kọrin nígbà tí mo ń fọ̀ ọ́.

Mo ti Allen key bọ̀ ọ́, mo yí i. Ó yí. Mo ní ó ti ń tú. Mo yí i fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó wòye pé kò jáde rárá, ó kàn ń pòòyì níbi tó wà bí òkòtó ni. Mo fi òòlù lu ìdí Allen key, bóyá jìnnìjìnnì á mú un. Kò mú un. Ẹnìkan sọ fún mi lórí fóònù pé kí n fi igi ki ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ láti òkè. Mo gé ọ̀pá mọ́ọ̀pù ìyàwó mi, mo gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣónṣó, mo tì í bọ inú ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin ń yí ìsàlẹ̀. Igi náà há díẹ̀, ó dún kẹ̀ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Nígbà tí mo fà á jáde, ẹnu rẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n fi pólíìṣì pa á. Ìyá wọn yọjú láti ilé ìdáná: "Bàbá Ìbejì, kí ni ẹ ní kí n fi nulẹ̀ báyìí?" Mi ò fèsì.

Ọjọ́ Ajé ni ó sọ sí mi lọ́kàn pé àwọn fúkánáísà onítírélà ní ìbọn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà. Gbígbá ló ń gbá nǹkan lẹ́raléra, kì í ṣe pé ó ń yí i lásán. Mo gé ẹnu Allen key kan, mo mú un há sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gbé ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì méjèèjì sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó di Òjòó. Fúkánáísà náà wò mí, ó wo àpò mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìbọn sí ẹsẹ̀ òsì: tàrrr! Ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bóòtù jábọ́ sílẹ̀. Ohun tó ti ń fìyà jẹ mí láti Sátidé!

Ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀. Ẹ̀bi mi ni. Allen key olówó pọ́ọ́kú ni mo fi ń gbá a ní Sátidé, mo sì ti jẹ igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Ìbọn wá parí iṣẹ́ náà fún mi, ihò náà di róbótó. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni fúkánáísà gbà, ó sì bá mi kẹ́dùn.

Wẹ́dà kan wà ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa. Mo ní kó bá mi wá irin onígun mẹ́rin tó gùn ju ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì lọ, kó lọ ẹnu rẹ̀ ṣónṣó, kó jó irin mìíràn mọ́ ìdí rẹ̀ lóròó kó dàbí T. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Ọjọ́ méjì ni iná kò fi dé, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò sì ní epo. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ní ó lọ síbi òkú. Ọjọ́bọ̀ kọjá, ọjọ́ Ẹtì kọjá, ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mi ń bẹ nínú àpò sìmẹ́ǹtì lábẹ́ tábìlì rẹ̀, máṣíìnì mi sì dúró lórí búlọ́ọ̀kù nílé láìní iwájú, àwọn ọmọ àdúgbò ń bi mí bóyá mo fẹ́ tà á.

Ọjọ́ Àìkú la tó ṣe é. Mo gbá irin T bọ ẹnu ọ̀pá inú pẹ̀lú òòlù títí igun rẹ̀ fi bu ú jẹ, mo wá di apá T mú bí ẹni di ìwo màlúù mú. Ọmọṣẹ́ wẹ́dà gbé dírílì sí orí bóòtù láti ìsàlẹ̀. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wínníwínní, ó ń gbóná, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, a ń da ọ́ìlì sí i. Lójijì orí bóòtù náà já, ó sì bá ẹnu dírílì yí lọ bí òrùka. Ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì là sí méjì ní ọwọ́ mi. Ìyókù bóòtù tó kù nínú ọ̀pá ńkọ́? Ìka méjì ni mo fi tú u. Ìka méjì! Nígbà tí orí ti lọ, kò sí ohun tó ń fún un mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun gbogbo rọrùn débi pé inú bí mi. Mo mú bóòtù òsì lọ ṣe àpẹẹrẹ ní Àgodi Gét, mo rí irú rẹ̀ méjì tuntun àti wáṣà bàbà wọn. Mo lu ihò ìsàlẹ̀ ọ̀pá inú fẹ̀ dé mílímítà 8, mo sì fi kún wọn títí wọ́n fi pé mẹ́fà, kí ó lè jẹ́ pé fáàfù tuntun ló ń pàṣẹ, kì í ṣe ihò àtijọ́. Ihò kékeré tó wà lókè ọ̀pá náà, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Òun ló ń mú kí ṣọ́ọ̀kì rọra padà jáde. Mo fi fáìlì yọ gbogbo ẹ̀gún irin ẹnu ihò. Páìpù píláńbà tí mo gé ni mo fi gbá síìlì wọlé. Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì gidi ni mo rà, 15W, tí kò ki tó ti ẹ́ńjìnì yẹn. Mo ti ẹsẹ̀ wọlé pátá láìsí sípíríǹgì, mo da ọ́ìlì sí i, mo wá fi abẹ́rẹ́ àti rọ́bà tín-ínrín fa èyí tó pọ̀ jù jáde títí ojú ọ́ìlì fi jìn sí ẹnu ní mílímítà 130, ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba.

Páìpù kan tún ń jókòó sórí sípíríǹgì, òun ló ń fún un mọ́lẹ̀. Mo gé tèmi gùn jù, nítorí mo gbàgbé pé fáàfù tuntun ti jẹ àyè díẹ̀. Nígbà tí mo jókòó lé e, iwájú kò mì rárá. Mo di táì oníke kan mọ́ ara irin dídán ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì láti fi mọ ibi tó ń wọlé dé, mo gé páìpù náà lẹ́ẹ̀mejì sí i, títí ìwọ̀n mi nìkan fi ń mú un wọlé ní bí ìdámẹ́ta gbogbo ìrìn rẹ̀. Fáàfù náà, mo kọ́kọ́ fún sípíríǹgì rẹ̀ ní yíyí mẹ́ta, ó le jù. Mo tú ìdérí òkè, mo fi sípókì kẹ̀kẹ́ tí mo tẹ̀ lẹ́nu gbé e jáde bí ẹni fi ìwọ̀ fa ẹja, mo dín in kù sí méjì.

Tí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lónìí, bóòtù ìsàlẹ̀ yẹn ni mo máa kọ́kọ́ dẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lára máṣíìnì, tí sípíríǹgì ṣì wà nínú rẹ̀, kí ẹnìkan sì fi gbogbo ara tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀. Mo máa ra Allen key gidi. Mi ò sì ní fi fọ́tò kankan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni kí iṣẹ́ tó parí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo di kẹ́ẹ̀gì mọ́ ẹ̀yìn, mo forí lé oko. Ibi afárá kékeré tó máa ń gbá mi lọ́wọ́, mo ti di eyín pọ̀ láti òkèèrè, mo ti gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó. Iwájú wọlẹ̀, ó jáde, a ti kọjá. Mo yí padà, mo tún un gùn lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí mi ò gbà á gbọ́. Ìgbà kejì yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló kù tó ń ta mí.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ti gbọ́. Ó wá sílé, ó tẹ iwájú wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe iṣẹ́." Ó wá ní kí n yá òun ní irin T yẹn, oníbàárà kan wà nílẹ̀. Ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá báyìí, kò tíì dá a padà.