Bí Mo Ṣe Jẹ́ Kí Àwọn Ìyá Ìkókó n'Ìbàdàn Mọ̀ Pé A Wà

Ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn ń gba ọmọ láti ìkókó títí dé ọdún mẹ́ta: ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò le, ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn, ọmọ tó pẹ́ kó tó jókòó. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń gbé wá bá wa, lẹ́yìn tí ìyá ti pọ̀n ọ́n títí tí ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni ọpọlọ ọmọ máa ń yára dàgbà jù, ìgbà yẹn sì ni ìtọ́jú máa ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ jù. Ọ̀gá wa wá ní kí n wá bí aráàlú yóò ṣe máa tètè gbọ́mọ wá.

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá tó ti wà lọ́dọ̀ wa ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ kọ́kọ́ gbé e lọ?" Ìyá ọkọ ti ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ọmọkùnrin máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Eléwé-ọmọ ti fún wọn ní àgbo. Wọ́n ti gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Nọ́ọ̀sì kan ti ní yóò yá. Kò sẹ́ni tó dárúkọ pátákó ojú títì tàbí Facebook. Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn, mo ní kí owó pátákó dúró ná. Ẹnu àwọn tí wọ́n dárúkọ yìí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ wa ti máa jáde.

Ìwé pélébé kan ṣoṣo la tẹ̀, tó lè wọ inú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mi ò kọ orúkọ àìsàn kankan sí i. Ìyá wo ló fẹ́ kí aládùúgbò ká ìwé tó pe ọmọ òun ní abirùn mọ́ òun lọ́wọ́? Ohun tí ojú lè rí nílé ni mo kọ: bí ọrùn ọmọ ò bá tíì le ní oṣù mẹ́rin, bí kò bá tíì lè dá jókòó ní oṣù mẹ́sàn-án, bí kò bá tíì rìn ní oṣù méjìdínlógún, bí ọwọ́ rẹ̀ kan bá ń dì pinpin ṣáá, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń gun ara wọn bí ẹnu àlùmọ́gàjí tí a bá gbé e dìde, bí ilẹ̀kùn bá gbá gbàgà tí kò ta gìrì. Iye owó wa ló kẹ́yìn. Mo tẹnu mọ́ ìyẹn, torí ẹni tí kò bá mọ iye tí nǹkan jẹ́ á ti gbà pé ó ju agbára òun lọ, kò sì ní wá bèèrè.

Ẹnìkan ní ká fi àwòrán ọmọ tó ń sunkún sí i, kí àánú lè ṣe èèyàn. Mo kọ̀. Ọmọ yẹn á dàgbà, àwòrán náà á sì ṣì wà níta. Ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu òfin lọ́dún 2019 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ẹ̀tanú sí akanda ẹ̀dá nítorí ipò rẹ̀; àwa tí à ń tọ́jú wọn kò gbọdọ̀ máa gbé àwòrán wọn tọrọ àánú kiri. Ìyá àti ọmọ tó ń ṣeré lórí ẹní la lò, ìyá náà ló sì mú àwòrán tó wù ú.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ló ràn wá lọ́wọ́ jù. Ìyá ìkókó ń wá nígbà tó bá bímọ, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá, mẹ́rìnlá, ní oṣù mẹ́sàn-án, títí dé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo lọ kí mètírọ́nù ilé ìwòsàn alábọ́dé kan, ó fún mi láyè lẹ́yìn orin àti àdúrà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ọmọ. Mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀, mo yá ọmọ kan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, mo rọra fà á dìde. Gbogbo bẹ́ǹṣì ń wò bí orí ṣe ń bá ara dìde. Mo mi ṣaworo lẹ́yìn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan, ó yíjú síbẹ̀. Kí n tó ní kí wọ́n dán an wò nílé, wọ́n ti ń dán an wò lórí ìjókòó.

Ìyá àgbà kan tó tẹ̀ lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé iṣẹ́ Ọlọ́run lẹ fẹ́ tún ṣe ni?" Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Rárá o, mà. Ẹ̀yin náà ṣáà máa ń na ọmọ lápá, ẹ máa ń fà á lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀ kí ara rẹ̀ lè le. Iṣẹ́ yẹn là ń ṣe, a kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọmọ tí tirẹ̀ ṣòro." Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n gba ìwé méjì. Láti ìgbà náà, ìwẹ̀ ọmọ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi níbi gbogbo.

Mo máa ń dúró lórí ibà apọ́njú pẹ̀lú. Bí ẹyinjú ìkókó bá di yẹ́lò, kí wọ́n má gbé e sóòrùn, kí wọ́n má fún un ní omi glúkóòsì. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Tó bá le jù, ó lè ba ọpọlọ àti etí jẹ́. Káńfọ̀ tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ ọmọ sì lè dá a sílẹ̀ lára ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbà á.

Mo lọ bá àwọn eléwé-ọmọ lọ́jà. Mo rajà kí n tó sọ̀rọ̀, mo sì mú ìyá kan dání tí wọ́n bí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yí sínú. Òun ló ṣàlàyé fún wọn: wọ́n fi POP, ìyẹn báńdéèjì ẹfun tó máa ń gbẹ le, sí i láti ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi tọ́, ó wá ku bàtà onírin tó ń wọ̀ sùn lálaalẹ́ títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rin. Gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀, ọmọ náà ń sáré láàárín àwọn agbọ̀n ewé. Wọ́n ní kí n fi ìwé sílẹ̀.

A sọ̀rọ̀ lórí rédíò díẹ̀, ìpè sì wọlé, àmọ́ nínú ìwé tí mo ti ń kọ ìdáhùn sí "Ta ló ní kí ẹ wá?", mètírọ́nù àti eléwé-ọmọ ló pọ̀ jù. Ọmọ oṣù márùn-ún, oṣù mẹ́fà ti ń wọlé báyìí.

Àwọn bàbá ló kù. Àwọn ló ń fún ìyá lówó ọkọ̀, wọn kì í sì í wá síbi abẹ́rẹ́. Alága àwọn onímáíkírà ní gárééjì kan ti fún wa láyè níbi ìpàdé wọn, ọkọ màmá tí ọmọ rẹ̀ ń sáré lọ́jà yẹn ló sì máa sọ̀rọ̀, torí awakọ̀ ni òun náà.